Ẹ̀dà Wo Ló Wà Lọ́wọ́ Yín? Ìkójọ Fíìmù Pólándì Sínú Ilé

Ní ọdún 1982, olùdarí fíìmù kan ní orílẹ̀-èdè Pólándì, Ryszard Bugajski, parí iṣẹ́ lórí fíìmù tó pè ní Przesłuchanie. Ìtàn obìnrin akọrin kan ni, tí àwọn ọlọ́pàá inú ìgbà ayé Stalin gbé láìṣẹ̀ láìrò, tí wọ́n tì mọ́lé, tí wọ́n sì ń da ìbéèrè bò tọ̀sán tòru kí ó lè fi ẹnu ara rẹ̀ ko bá ẹlòmíràn. Àwọn aláṣẹ wo fíìmù náà, wọ́n ní kò gbọdọ̀ jáde. Wọn kò sọ pé kí wọ́n gé ibì kan sọnù. Odindi rẹ̀ ni wọ́n ní kí wọ́n gbé pamọ́. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tú ẹgbẹ́ afíìmùṣe tó ṣe é ká, èyí tí Andrzej Wajda jẹ́ olórí rẹ̀. Síbẹ̀, kí ìjọba tó gbà ní ọdún 1989 pé kí wọ́n fi Przesłuchanie hàn ní gbọ̀ngàn sinimá, ọ̀pọ̀ ará Pólándì ló ti wò ó tán nínú pálọ̀ ara wọn. Orí káàsẹ́ẹ̀tì fídíò ni wọ́n ti wò ó, èyí tí ọ̀rẹ́ ń ṣe àdàkọ rẹ̀ fún ọ̀rẹ́, tí àwòrán rẹ̀ sì ń ṣú sí i bí àdàkọ ti ń gun orí àdàkọ. Ní 1990, Krystyna Janda tó ṣe obìnrin akọrin náà gba ẹ̀bùn òṣèrébìnrin tó pegedé jù lọ ní àjọ̀dún fíìmù Cannes, fún iṣẹ́ tó ti ṣe tán láti nǹkan bí ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Àwọn tó fi káàsẹ́ẹ̀tì pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kò dúró de Cannes kí wọ́n tó mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni.

Ibẹ̀ ló yẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lóye ìkójọ fíìmù Pólándì ti bẹ̀rẹ̀. Lónìí, tí a bá rí ẹni tó to àwo DVD àti Blu-ray fíìmù Pólándì jọ sórí pẹpẹ ilé rẹ̀, yálà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Chicago, ó rọrùn láti kà á sí eré ọwọ́ dilẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń kó sítáǹbù jọ. Mo gbà pé àwọn kan wà tó jẹ́ pé ẹwà páálí rẹ̀ ni wọ́n ń rà. Ṣùgbọ́n ní ti Pólándì, ọ̀rọ̀ náà jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìtàn sinimá orílẹ̀-èdè náà kún fún fíìmù tí wọ́n gé, tí wọ́n tì mọ́lé, tí wọ́n dá dúró láàárín ọ̀nà, tàbí tí ogun jó. Nítorí èyí, orúkọ fíìmù nìkan kò tó láti sọ ohun tí ènìyàn ní lọ́wọ́. Ẹ̀dà ló ṣe pàtàkì: ta ló gé e, ta ló tún un ṣe, ìgbà wo, láti inú kí ni. Ẹ̀dà tó bá ti wọ ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn, kò sí aláṣẹ tó tún lè pe gbogbo wọn padà. Èyí ni mo rí gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ gidi tí àwọn akójọ ń ṣe, yálà wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀ tàbí wọn kò mọ̀.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Kọ́múníìsì ló ni gbogbo ohun tó jẹ mọ́ sinimá níbẹ̀: owó tí wọ́n fi ń ya fíìmù, ibi tí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́, gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń wò ó, àti ọ́fíìsì tó wà ní òpópónà Mysia ní Warsaw, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ìwé, ìwé ìròyìn, eré orí ìtàgé àti fíìmù wò kí ó tó dé ọ̀dọ̀ aráàlú. Ìjọba yìí kan náà ló dá ilé ẹ̀kọ́ fíìmù sílẹ̀ ní ìlú Łódź ní 1948, ilé ẹ̀kọ́ tí Wajda, Roman Polanski, Jerzy Skolimowski àti Krzysztof Kieślowski ti jáde. Ìjọba kọ́ wọn níṣẹ́, ó gbé kámẹ́rà lé wọn lọ́wọ́, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù ohun tí wọ́n ń yà wá ń bà á. Láti àárín àwọn ọdún 1950, wọ́n gba àwọn olùdarí láyè láti pín ara wọn sí ẹgbẹ́ kéékèèké tí afíìmùṣe fúnra rẹ̀ ń darí, àyè yìí ló sì bí iṣẹ́ tí ayé wá mọ̀ wọ́n sí. Ẹ wo ìparí Popiół i diament, tí Wajda yà ní 1958. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó yìnbọn pa aṣojú ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì kú sórí ààtàn. Ní ojú àwọn tó ń yẹ fíìmù wò, ọ̀tá ìjọba tó kú sórí ìdọ̀tí kò burú, ẹ̀kọ́ gan-an ni. Ẹkún ọ̀dọ́mọkùnrin náà ni àwọn èrò gbọ̀ngàn ń sun. Fíìmù kan náà, ojú méjì. Kò yani lẹ́nu pé nígbà tó yá, àwọn aláṣẹ kò fẹ́ fi ohunkóhun sílẹ̀ fún ojú èrò mọ́, wọ́n wá ń to fíìmù jọ sórí pẹpẹ láìfi hàn ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú sunmọ́ méjì nínú àwọn fíìmù orí pẹpẹ wọ̀nyí. Ní 1967, Skolimowski ya Ręce do góry, nínú èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń to àwòrán ńlá Stalin pọ̀ ní abala-abala. Wọ́n ṣi abala kan tò, ojú mẹ́rin sì yọ lójú Stalin. Àwòrán ojú mẹ́rin yìí nìkan ti tó fún àwọn aláṣẹ. Wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé fíìmù náà, Skolimowski sì kó jáde ní Pólándì lọ ṣiṣẹ́ ní òkè òkun. Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀ ní 1981, ó ya apá tuntun kan ní àwọ̀ aláràbarà, tí Beirut wà nínú rẹ̀, ó fi ṣíwájú ti àtijọ́, ó sì gbé e lọ sí Cannes. Èyí ni pé fíìmù tí a lè wò lónìí kì í ṣe èyí tí wọ́n tì mọ́lé ní 1967. Ọkùnrin tó ti dàgbà ló ń bá ara rẹ̀ ìgbà èwe sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá rà á láìmọ èyí yóò máa ṣe kàyéfì pé kí ni Beirut ń wá nínú ìtàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Pólándì.

Èkejì tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Andrzej Żuławski ń ya Na srebrnym globie, ìtàn àwọn arìnrìn-àjò tó já sí ayé mìíràn tí wọ́n sì bí ìran tuntun síbẹ̀, láti inú ìwé tí ẹ̀gbọ́n bàbá-bàbá rẹ̀ kọ. Iṣẹ́ ti lọ jìnnà gan-an nígbà tí Janusz Wilhelmi, igbákejì mínísítà àṣà, dá a dúró ní 1977, tí wọ́n sì pàṣẹ pé kí wọ́n ba àwọn aṣọ àti ohun èlò rẹ̀ jẹ́. Nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún fíìmù náà ni wọn kò tí ì yà. Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni Żuławski padà wá sí i. Kò gbìyànjú láti ya ohun tó kù. Níbikíbi tí ìran kan kò bá sí, kámẹ́rà yóò kàn máa rìn ní ojú pópó Pólándì ìgbà náà, láàárín àwọn ènìyàn tó wọ aṣọ ojoojúmọ́, ohùn Żuławski yóò sì máa ròyìn ohun tí à bá rí. Ní òpin, a rí òjìji olùdarí náà fúnra rẹ̀ nínú gíláàsì fèrèsé ṣọ́ọ̀bù. Cannes rí i ní 1988. Mo mọ àwọn tó sọ pé fíìmù tó ní ihò lára kò yẹ fún owó àwo. Èrò tèmi yàtọ̀: ihò yẹn wà lára ìtàn. Àwo tó tọ́jú ihò náà bó ṣe wà, tí ó sì ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé kékeré inú páálí, ń sọ òtítọ́ tí ẹ̀dà tó dán gbinrin kò lè sọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Pasażerka. Andrzej Munk ń ya á lọ́wọ́ nígbà tí ìjàm̀bá ọkọ̀ pa á ní oṣù Kẹsàn-án 1961. Ìtàn obìnrin kan ni, ọmọ Jámánì, tó ti jẹ́ ẹ̀ṣọ́ ní Auschwitz, tó wá rí ojú kan lórí ọkọ̀ òkun tó rò pé ó jẹ́ ti obìnrin tó ti wà lábẹ́ ìṣọ́ rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ Munk, tí Witold Lesiewicz ṣíwájú wọn, kò ya ohun tó kù mọ́ ọn. Àwòrán tí kò mì ni wọ́n fi ṣe apá orí ọkọ̀ òkun, wọ́n sì gbé e jáde ní 1963 bó ṣe wà, bíi wákàtí kan péré. Second Run, ilé iṣẹ́ àwo kékeré kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2005, ló tẹ̀ ẹ́ sórí DVD fún àwọn tí kò gbọ́ èdè Pólándì. Láìsí irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, inú ìwé nìkan ni ọ̀pọ̀ wa ì bá ti máa pàdé orúkọ Munk.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀dà tún hàn kedere nínú iṣẹ́ Kieślowski, bóyá ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ní 1981 ó ya Przypadek, ìtàn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń sáré lé ọkọ̀ ojú irin. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni fíìmù náà bẹ̀rẹ̀ eré sísá yẹn: nígbà kan ó bá ọkọ̀, ó sì di ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú ìjọba, nígbà kejì ó kọlu òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀, ó sì bọ́ sáàárín àwọn alátakò, nígbà kẹta ọkọ̀ kàn fi í sílẹ̀, ó sì lọ ṣe dókítà, ó láya, ó bímọ. Òfin ológun tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá 1981 bá fíìmù náà lójú ọ̀nà, ó sì di 1987 kí ó tó jáde, pẹ̀lú ìgékù lára. Ìgbà tí wọ́n tún un ṣe tán, tí ilé iṣẹ́ àwo Criterion sì tẹ̀ ẹ́ sórí Blu-ray ní Amẹ́ríkà ní 2015, fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ohun tí wọ́n gé ló ti padà sí àyè rẹ̀. Ó ku ibì kan. Níbẹ̀, àwọn ọlọ́pàá ń lu ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ṣùgbọ́n wọn kò rí àwòrán rẹ̀ mọ́, ohùn nìkan ló kù. Òǹwòran yóò jókòó, yóò máa gbọ́ lílù láìrí ẹni tí wọ́n ń lù. Àwo kan náà tún fi àwọn abala tí wọ́n gé hàn lọ́tọ̀, kí ènìyàn lè fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tó bí àwọn aláṣẹ nínú. Èmi kò mọ ìwé ìtàn tó lè kọ́ni ní iṣẹ́ àwọn ayẹfíìmùwò tó bẹ́ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Kò sì jẹ́ pé ìjọba nìkan ló ń sọ fíìmù kan di méjì. Dekalog, fíìmù mẹ́wàá tí Kieślowski yà fún tẹlifíṣọ̀n Pólándì ní ìparí àwọn ọdún 1980, ọ̀kọ̀ọ̀kan bíi wákàtí kan, ní ẹ̀ka karùn-ún àti ẹ̀ka kẹfà tó sọ di fíìmù gígùn fún gbọ̀ngàn sinimá. Ẹ̀ka kẹfà ni ti ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fi awò ọ̀nà jíjìn wo obìnrin kan ní ilé òdìkejì. Lórí tẹlifíṣọ̀n, ó parí ní tútù nini: ọmọkùnrin náà sọ fún un pé òun kì í wò ó mọ́. Grażyna Szapołowska, òṣèrébìnrin tó kó ipa náà, ló bẹ Kieślowski pé kí ti sinimá parí bí àlọ́. Nínú ìyẹn, obìnrin náà fi ojú ara rẹ̀ sínú awò, ó sì rí ara rẹ̀ nínú yàrá rẹ̀ pẹ̀lú ọmọkùnrin náà tó ń tù ú nínú. Èwo ni fíìmù gidi? Méjèèjì ni, kí ẹni tó bá fẹ́ràn Kieślowski sì ní méjèèjì lọ́wọ́. Páálí Dekalog tí Criterion gbé jáde ní 2016 kó fíìmù mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pọ̀ mọ́ àwọn fíìmù gígùn méjèèjì, ìdí sì nìyí tí mo fi kà á sí ọ̀kan lára àwọn ohun tó yẹ kí akójọ kọ́kọ́ wá.

Àwọn kan yóò sọ pé, ó dára, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ àti ilé ìpamọ́ ìjọba ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, kí ló wá kan ẹni tó jókòó sílé? Ìdáhùn wà nínú ìtàn Rękopis znaleziony w Saragossie, tí Wojciech Has yà ní 1965. Fíìmù náà lé ní wákàtí mẹ́ta, ìtàn nínú ìtàn nínú ìtàn. Nígbà tó dé Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n gé e wálẹ̀ gan-an. Jerry Garcia, onígìtá ẹgbẹ́ Grateful Dead, wò ó ní San Francisco ní àwọn ọdún 1960, kò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1990 ó yọ owó ara rẹ̀ fún ilé ìpamọ́ fíìmù kan ní Berkeley kí wọ́n wá ẹ̀dà tó pé. Ó kú ní 1995 kí iṣẹ́ náà tó parí. Martin Scorsese àti Francis Ford Coppola ló parí rẹ̀. Olórin tó wulẹ̀ fẹ́ràn fíìmù kan ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ẹ tún wo àpẹẹrẹ mìíràn: Mocny człowiek ti Henryk Szaro, tí wọ́n yà ní 1929, ti wà lára àwọn fíìmù ìgbà tí sinimá kò tíì ní ohùn tí gbogbo ènìyàn gbà pé ó ti ṣègbé, títí tí ẹ̀dà kan fi yọjú ní ilé ìpamọ́ fíìmù ní Bẹ́ljíọ̀mù ní 1997. Wọ́n ti pa Szaro fúnra rẹ̀ ní Warsaw ní 1942, nínú àgbègbè tí àwọn Násì há àwọn Júù mọ́. Nínú ọ̀ràn méjèèjì, ọwọ́ láti òkè òkun wà nínú bí fíìmù ṣe padà wá. Èyí kò dín iyì Filmoteka Narodowa ní Warsaw kù, ilé ìpamọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ láti 1955. Ohun tó fi hàn ni pé, ní orílẹ̀-èdè tí ogun ti jó olú ìlú rẹ̀ palẹ̀, àpótí kan ṣoṣo kò tó fún ohun iyebíye.

Scorsese tún padà wá ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2014, wọ́n gbé fíìmù Pólándì mọ́kànlélógún tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tún ṣe yí Amẹ́ríkà ká ní orúkọ rẹ̀. Irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ kí àwo tuntun ṣeé ṣe. Ilé iṣẹ́ Arrow ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé àkójọ ńlá ti Walerian Borowczyk jáde ní 2014 kan náà, apá kan nínú owó tí wọ́n fi tún ọ̀kan nínú àwọn fíìmù rẹ̀ ṣe sì wá láti ọwọ́ àwọn olùfẹ́ fíìmù tó dá a jọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ Facets ní Chicago, ìlú tí ọmọ Pólándì pọ̀ sí gan-an, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń rí káàsẹ́ẹ̀tì àti DVD irú àwọn fíìmù wọ̀nyí gbà. Àwòrán wọn kì í sábà dára bí ti òní, ṣùgbọ́n wọ́n ti kó Kieślowski wọ ilé kí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó jí.

Fún òǹkàwé tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìkójọ, ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ẹ̀rọ pọn dandan. DVD ní nọ́ńbà àgbègbè: Amẹ́ríkà wà ní 1, Pólándì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà ní 2, Nàìjíríà àti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà sì wà ní 5. Ẹ̀rọ tó bá tẹ̀ lé òfin yìí kò ní ka àwo àgbègbè mìíràn. Blu-ray rọrùn fún wa díẹ̀, nítorí pé Áfíríkà àti Yúróòpù jọ wà ní àgbègbè B. Àwo tí ẹ̀gbọ́n yín bá rà ní Lọ́ńdọ̀nù yóò ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ tó bá òfin mu ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ti New York, tó wà ní A, lè má ṣiṣẹ́. Ó tún ku ti ìyára. Àwòrán 24 ni fíìmù ń lò ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tẹlifíṣọ̀n Yúróòpù àti ti Nàìjíríà sì ń lo 25. DVD tí wọ́n ṣe fún irú tẹlifíṣọ̀n yìí sábà máa ń sáré ní nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, ohùn àwọn òṣèré á sì lọ sókè díẹ̀. Fíìmù Has tó jẹ́ ìṣẹ́jú 182 yóò parí ní bíi 175, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gé ohunkóhun. Nítorí náà, kí ènìyàn tó pariwo pé wọ́n ti gé fíìmù òun, kí ó kọ́kọ́ ṣírò èyí. Blu-ray kì í sábà ní ìṣòro yẹn.

Àtakò tó lágbára jù ni ti íntánẹ́ẹ̀tì, mi ò sì fẹ́ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ilé iṣẹ́ fíìmù ìjọba tí wọ́n ń pè ní WFDiF ní Warsaw ti ṣí ojúlé kan, 35mm.online, níbi tí ènìyàn ti lè wo ọ̀pọ̀ fíìmù Pólándì àtijọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, tí ọ̀pọ̀ wọn ní ìtumọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì nísàlẹ̀ àwòrán. Iṣẹ́ ribiribi ni. Akẹ́kọ̀ọ́ ní Abẹ́òkúta tí kò lówó àwo lè wo ohun tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ń fi owó gọbọi rà. Tí ìbéèrè bá jẹ́ ti wíwò nìkan, mo gbà pé ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ṣùgbọ́n ìpamọ́ ni à ń sọ. Ohun tó wà lórí ojúlé wà lọ́wọ́ ẹni kan. Ó lè yí i padà lálẹ́, ó lè fa fíìmù kan yọ nítorí ẹ̀tọ́, nítorí owó, tàbí nítorí òṣèlú, kò sì sí ẹni tí yóò rí àmì rẹ̀. Ní 2019, wọ́n kó àwọn ilé iṣẹ́ Kadr, Tor àti Zebra, tó ni ẹ̀tọ́ lórí ọ̀pọ̀ fíìmù tí mo ti dárúkọ irú wọn, pọ̀ sábẹ́ WFDiF. Ó ṣeé ṣe kí ìyẹn mú iṣẹ́ rọrùn. Ó tún túmọ̀ sí pé, lẹ́ẹ̀kan sí i, ọwọ́ ìjọba kan ṣoṣo ni kọ́kọ́rọ́ púpọ̀ wà. Mi ò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ìtàn òpópónà Mysia ló kọ́ mi pé kí n má fi gbogbo ẹ̀dà sí ọwọ́ kan, bó ti wù kí ọwọ́ náà mọ́ tó lónìí.

Wọ́n tún lè sọ pé àwo náà ń bàjẹ́. Òótọ́ ni. Káàsẹ́ẹ̀tì ń hu, àwo ń jẹrà láti inú, ẹ̀rọ tó ń ka wọ́n sì ń wọ́n lọ́jà. Ṣùgbọ́n ó dìgbà tí gbogbo wọn bá bàjẹ́ lọ́jọ́ kan náà, nínú gbogbo ilé, kí fíìmù tó sọnù. Agbára ọ̀pọ̀ yìí ni agbára ìkójọ. Àtakò kẹta ló nira fún mi jù: ṣé àwọn tó ṣe àdàkọ Przesłuchanie kò rú òfin ni? Wọ́n rú u. Àwọn atẹ̀wé abẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń jẹ́ NOWa, tí wọ́n ń tẹ ìwé tí ìjọba kọ̀, pàápàá wá ń pín káàsẹ́ẹ̀tì fídíò kiri. Ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tó ṣe àdàkọ fíìmù tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ tà, èyí tí olùdarí rẹ̀ gan-an ń fẹ́ kí ayé rí, àti ẹni tó ń jí èyí tó wà lórí àtẹ. Lónìí tí Second Run tàbí Arrow ń san owó ẹ̀tọ́, tí wọ́n ń san owó fún olùtumọ̀ àti fún ẹni tó ń fọ àwòrán mọ́, àdàkọ jíjí ń pa iṣẹ́ tí yóò gba fíìmù tó kàn là ni. Akójọ tó mọ ohun tó ń ṣe yóò rà á.

Ẹ̀sùn kan kù tí mo gbà pé àwọn akójọ jẹ̀bi rẹ̀. Cannes ń yan, àwọn ilé iṣẹ́ òkè òkun ń tẹ̀ lé Cannes, akójọ sì ń tẹ̀ lé ilé iṣẹ́. Èyí mú kí Pólándì orí pẹpẹ wa kún fún ẹ̀wọ̀n, ogun àti ọ̀fọ̀, bí ẹni pé àwọn ènìyàn ibẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín. Miś, tí Stanisław Bareja yà ní 1980, fi ayé títò sórí ìlà láti ra ẹran àti ìwé àṣẹ tí kò lópin ṣe yẹ̀yẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará Pólándì ṣì ń fi ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣe àwàdà láàárín ara wọn. Rejs, ti Marek Piwowski ní 1970, wà nínú ọkọ̀ ojú omi kan tí ẹni tí kò rà tíkẹ́ẹ̀tì ti di olóyè. Seksmisja ti Juliusz Machulski, tó jáde ní 1984, kó èrò wọ gbọ̀ngàn bí omi. Ẹni tó mọ Kieślowski tí kò mọ Bareja kò tíì mọ ohun tí òǹwòran Pólándì fẹ́ràn. Ọjà àwọn ilé iṣẹ́ òkè òkun kò fi bẹ́ẹ̀ náání irú àwọn fíìmù yìí, nítorí pé ẹ̀fẹ̀ ṣòroó túmọ̀ ju ọ̀fọ̀ lọ.

Níbẹ̀ ni mo rò pé iṣẹ́ tó kù wà. Ní àwọn ọdún 2000, àwọn ìwé ìròyìn àti ìwé àtìgbàdégbà ní Pólándì máa ń fi DVD fíìmù ilẹ̀ wọn kún ọjà, nínú páálí pẹlẹbẹ, ní owó pọ́ọ́kú, ní ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta sìgá àti tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní ìtumọ̀ èdè kankan. Àwọn ọmọ Pólándì tó wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn tí orílẹ̀-èdè wọn darapọ̀ mọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní 2004 kó irú wọn dání, a sì ń rí wọn nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù aláàánú tó ń ta ọjà àlòkù, ní kọ́bọ̀ kọ́bọ̀, láàárín àwo eré ìdárayá àti ti ọmọdé. Akójọ tó ń dúró de páálí olówó ńlá máa ń kọjá lára wọn láìwò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ì bá ní kí ó kó àwọn wọ̀nyí ṣáájú. Criterion lè tún Dekalog tẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, Wajda kò sì ní ṣàìrí ẹni gbé e jáde. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń múra láti tún àwo ìsọ̀ oníwèé ìròyìn tẹ̀, bẹ́ẹ̀ inú wọn ni ẹ̀rín àwọn ará Pólándì pọ̀ sí jù.